Mínísítà sáyẹ́ǹsì kọ́ ni yóò fún ọ lówó ẹ̀rọ kájú

Òkun o, àbúrò mi ní Ìsánlú. O ní ẹ̀rọ tí o ṣe ń la kóró kájú láìfọ́ ọmọ inú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ní kí o kọ lẹ́tà sí mínísítà sáyẹ́ǹsì l'Ábùjá kó fún ọ lówó láti máa bá ìwádìí rẹ lọ. O wá ń bèèrè pé ṣé mínísítà ni àbí kọmíṣọ́nà, kí sì ni iṣẹ́ ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀ gan-an. Wẹ́dà ni mí ní Kábà. Mo ti gbé ẹ̀rọ kájú tèmi kiri ọ́fíìsì ìjọba débi pé Bàbá Kájú ni àwọn awakọ̀ gáréèjì ń pè mí títí dòní.

Mínísítà kì í pín owó. Ààrẹ ló ń yàn án, Ilé Aṣòfin Àgbà á yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọlé. Kọmíṣọ́nà ní tirẹ̀, gómìnà ló ń yàn án, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ mínísítà ni kó la ọ̀nà tí ìjọba yóò tọ̀ lórí sáyẹ́ǹsì àti ìwádìí, kó gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí ààrẹ ń darí, kó máa bójú tó àwọn àjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì dúró lẹ́yìn bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin. Láti 1986 ni Nàìjíríà ti ní ìwé ìlànà fún irú nǹkan báyìí, wọ́n sì ti tún un kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti 2012 tilẹ̀ ní kí ìgbìmọ̀ ńlá kan wà fún ìwádìí àti ìṣẹ̀dá tuntun, kí ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀. Owó tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí, ọrùn akọ̀wé àgbà ni ìṣirò rẹ̀ wà, kì í ṣe ọrùn mínísítà. Bí mínísítà bá fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ títí tó fi jó, kò lè ṣí dúrọ́ọ̀ kó ka owó lé ọ lọ́wọ́.

Gbogbo ìwádìí kọ́ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwádìí lórí igi kájú fúnra rẹ̀, ti ètò ọ̀gbìn ni. CRIN, àwọn tó ń ṣe ìwádìí kòkó n'Íbàdàn láti 1964, ló ń ṣe kájú pọ̀ mọ́ kòkó àti obì, wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀ka kan ní Ochaja lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ígálà, nínú Kogí wa yìí náà. Owó ìwádìí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ń gbà, TETFund, àjọ owó iléèwé gíga, ló ń fún wọn, abẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nìyẹn. Pátẹ́ǹtì, ìwé tí yóò dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣòwò ló wà. Ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà sí mínísítà sáyẹ́ǹsì lórí gbogbo èyí, ilẹ̀kùn ilé tí ẹni tó ń wá kò gbé ló ń kàn. Ohun tó wà lábẹ́ mínísítà ni àwọn bíi FIIRO l'Óṣòdì, tó ń ṣe ìwádìí fún iléeṣẹ́ láti 1956, RMRDC tó ń rí sí ohun èlò inú ilẹ̀ wa tí àwọn iléeṣẹ́ lè lò, NOTAP tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ wọlé àti ìgbéga rẹ̀, àti ọgbà ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti Sheda ní Kwali, lágbègbè Ábùjá. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí o máa wò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí lẹ́tà máa ń rí kí o tó fi tìrẹ ránṣẹ́.

Ọ́fíìsì kan wà tí n kò ní dárúkọ. Mo mú lẹ́tà lọ, wọ́n ní ẹ̀dà kan kò tó. Mo mú ẹ̀dà púpọ̀ lọ, wọ́n ní a kì í kọ ọ́ sí ọ̀gá tààrà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan lábẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mo tún un kọ. Fáìlì náà wọ yàrá kan, ó jáde, ó wọ òmíràn. Akọ̀wé kan tó ṣàánú mi ṣí i hàn mí lọ́jọ́ kan: ọ̀gá àkọ́kọ́ kọ "please treat" sí i, èyí tó tẹ̀ lé e kọ "please discuss", ẹni kẹta fi báírò pupa kọ KIV, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀ ná. Nígbà tí mo tún padà lọ, abọ́ ẹ̀pà ló wà lórí fáìlì mi, èèpo ẹ̀pà sì ti wọ inú rẹ̀.

Wọ́n wá ní kí n gbé ẹ̀rọ wá kí ọ̀gá fojú rí i. Mo háyà píkọ́ọ̀pù. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kóró kájú gbọ́dọ̀ rí iná kí a tó là á, nítorí omi dúdú inú èèpo rẹ̀ ń bó èèyàn lára. Wo ọwọ́ àwọn ìyá tó ń fi òkúta fọ́ ọ, ìka wọn á dúdú, awọ rẹ̀ á máa ṣí. (Ìwọ náà, bí o bá ní ọmọ iṣẹ́, ra ìbọ̀wọ́ fún wọn. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹn nu ojú.) Wọ́n ní kò sí àyè iná dídá nínú ọgbà àwọn. Ọ̀gá dé pẹ̀lú agbádá funfun, àwọn oníkámẹ́rà tẹ̀ lé e, kò bèèrè nǹkan kan, ó gbá ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ kóró tútù. Omi náà ta sí i lápá aṣọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti gbé fóònù mi mọ́. Fọ́tò jáde o, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ti ran oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Kọ́bọ̀ kò dé ọwọ́ mi. Ẹ̀rọ mi wà ní kọ́rídọ̀ wọn títí òjò fi ń pa á, tó fi dógùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé ọ̀gá náà kúrò. Èyí tó dé ní òun ò mọ ohunkóhun nípa ohun tí ẹni àná ṣe, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí l'Ábùjá náà nìyẹn. Ogbonnaya Onu di mínísítà sáyẹ́ǹsì ní 2015, ó fi í sílẹ̀ ní 2022 torí ó fẹ́ du ipò ààrẹ. Adeleke Mamora gbà á. Uche Nnaji dé ní 2023, òun náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2025. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pàápàá kò dúró lójú kan. Torí náà orúkọ ipò ni kí o kọ sórí lẹ́tà, má kọ orúkọ èèyàn sí i, kí ẹni tuntun má baà ní kì í ṣe òun ni o kọ ọ́ sí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti dírọ́ọ̀ìn. Wọ́n ní láìsí àwòrán gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ìwọ̀n irin, àti bí ọ̀bẹ méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, lẹ́tà kò lè gòkè. Àlàfo àárín ọ̀bẹ yẹn gan-an ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ náà wà. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, ẹnì kan pè mí láti ìlú Ẹ̀gbẹ́ pé òun rí ẹ̀rọ mi lọ́jà, pé ó dára bí mo ṣe kùn ún ní àwọ̀ ewé. N kò kun ẹ̀rọ kankan ní àwọ̀ ewé rí láyé mi.

Torí náà, pátẹ́ǹtì kọ́kọ́. Òfin wa ní ohun tó bá ti hàn sí gbogbo èèyàn kí o tó fi ìwé sílẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ lòfin ń kà sí oníhùmọ̀. Bí wọ́n bá fún ọ, ọdún 20 ni, bí o bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀. Má tíì jó o: wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun lóòótọ́, bóyá ìwé rẹ pé ni wọ́n ń wò, ewu tó kù dọwọ́ rẹ. Àwọn NOTAP lè tọ́ ọ sọ́nà lórí rẹ̀, wọ́n sì ní ọ́fíìsì nínú àwọn yunifásítì kan. Fídíò tí o ní o fẹ́ gbé sórí Facebook yẹn, dá a dúró. Àwọn tí yóò pè ọ́ lẹ́yìn fídíò náà, pé àwọn mọ P.A. mínísítà, pé kí o san owó fọ́ọ̀mù gírántì, pa fóònù mọ́ wọn lójú.

Ní ti owó, olùkọ́ ni kí o wá. TETFund kì í fún wẹ́dà ní owó ìwádìí, olùkọ́ iléèwé gíga ìjọba ló ń fún, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà nílò ẹni tó mọ irin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀gbìn ti ABU, yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria, wà níbí ní Kábà, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sì ti wà ní Lọ́kọ́jà láti 2011. Ẹ kọ ìwé àdéhùn kí o tó ṣí ẹ̀rọ hàn án, kí ó wà nínú rẹ̀ ẹni tó ni kí ni. Kí ẹ jọ wọ̀n ọ́n: kìlò mélòó ni ẹ̀rọ ń là ní wákàtí kan, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde ní odindi, mélòó ló fọ́. Odindi ni owó wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á mọ̀ ọ́n. Kóró wa tó ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà pẹ̀lú èèpo lára, nítorí pé a kò lè là á dáadáa nílé ni.

Kọmíṣọ́nà? Kọ sí òun náà, kò burú. Agbára rẹ̀ kò kọjá Kogí, ṣùgbọ́n Kogí náà ni kájú rẹ wà.

Ibikíbi tí o bá mú lẹ́tà dé, mú ẹ̀dà tìrẹ dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ kò sí lórí ìjókòó, dúró dè é. Ó sì kù kí o sọ ohun kan fún mi: ṣé o ń se kóró náà ni kí o tó là á, àbí o ń yan án?