Radium kéré nínú yanrìn Àgbádárìgì? Yẹ ìdérí ike wò

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Bí ìbéèrè rẹ ṣe yé mi rèé: o kó yanrìn etí òkun láti Gberefu ní Àgbádárìgì, o mú un gbẹ, o kà á lórí detector NaI (ẹ̀rọ sodium iodide tó ń ka ìtànṣán gamma) lọ́jọ́ kejì. Thorium àti potassium bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ mu, radium nìkan ló kéré, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ sì dá a padà. O wá ń béèrè bóyá kí o lọ wá ibi tí wọ́n ti ní HPGe (detector oní-germanium). Má tíì náwó sí ìyẹn. Inú ike tí o kó yanrìn náà sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìlà gamma 1764.5 keV (ìwọ̀n agbára rẹ̀ nìyẹn) tí à ń kà fún radium, Bi-214 (bismuth-214) ló ni ín. Kí radium-226 tó di Bi-214, ó ní láti kọ́kọ́ di radon-222, gáàsì tí half-life rẹ̀ (àkókò tí ìdajì rẹ̀ fi ń yí padà di nǹkan mìíràn) jẹ́ ọjọ́ 3.82. Apá kan radon yìí máa ń yọ́ jáde kúrò nínú hóró yanrìn. Bó bá ríhò, ó lọ nìyẹn, Bi-214 á sì dín kù. Radon ti ìdílé thorium, Rn-220, half-life tiẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 56 lọ, kò ráyè rìn jìnnà. Nítorí náà, bí radium bá já wálẹ̀ tí thorium dúró, ìdérí tàbí ìkánjú ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Mú yanrìn náà gbẹ ní 105 sí 110°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Iyọ̀ òkun máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, torí náà wọ̀n ọ́n ní kété tó bá tutù. Fi ajọ̀ oníhò 2 mm jọ̀ ọ́. Kún ike náà dé ọrùn, torí àyè tó bá ṣófo lókè ni radon máa ń kó sí. Fi gọ́ọ̀mù silicone yí ẹnu rẹ̀ po, dé e pinpin, kí o sì fi téèpù PVC wé e. Lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, rì í sínú abọ́ omi, fọwọ́ tẹ ìdérí náà: bí omi bá hó kín-ín-kín, tún un dé. Kọ ọjọ́ tí o dé e sára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe sínú ìwé nìkan, kí o sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28. Bi-214 á ti kọjá 99% ohun tó yẹ kó jẹ́ nígbà yẹn.

Ohun kan náà ni kí o ṣe sí RGU-1, èròjà uranium ti IAEA (àjọ àgbáyé lórí agbára átọ́míìkì), tí o fi ń díwọ̀n ẹ̀rọ. Bí ìyẹn bá ń jò, efficiency rẹ (ìpín ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń rí kà) á kéré, radium yanrìn rẹ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìṣirò lo fi ń ṣe é, tún wo thorium náà. Tl-208 (thallium-208, ti ìdílé thorium) máa ń tú gamma 2614.5 keV ní nǹkan bí 99%, ṣùgbọ́n nǹkan bí 36% Bi-212 (bismuth-212, tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìdílé náà) péré ló ń gba ọ̀nà Tl-208. Ẹni tó bá gbàgbé 36% yìí, thorium rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́. Níbi tí yanrìn dúdú bá ti pọ̀, Ac-228 (actinium-228, ti ìdílé thorium náà) ní ìlà kan ní 1459 keV tí NaI kò lè yà kúrò lára 1460.8 ti potassium. Yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò kí o tó kọ iye potassium sílẹ̀.

Iná wá ń kọ́? Bí iná bá lọ láàárín kíkà, live time (àkókò tí ẹ̀rọ fi kà ní tòótọ́) ni kí o lò, má lo aago ògiri. Jẹ́ kí HV (iná agbára gíga tó ń gbé detector ṣiṣẹ́) dúró dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì ka Cs-137 (cesium-137, tí a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò) ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ìlà rẹ̀, 661.7 keV, bá ti ṣí kúrò ní channel rẹ̀ (ipò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ), bóyá torí AC kú tí yàrá gbóná, tún yanrìn náà kà. Ike òfìfo irú kan náà ni kí o fi ka background (ìtànṣán tó ti wà láyìíká), fún ìṣẹ́jú-àáyá 36,000 gẹ́gẹ́ bíi ti yanrìn.

HPGe dára o, ó ń ya àwọn ìlà sọ́tọ̀ ju NaI lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ike tó ń jò á jò lórí rẹ̀ náà.