Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó wọ inú ẹ̀rọ MRI

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrora. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ọdún kẹta rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn yín, àti pé láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ó ti ń gba itan ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì ń kú, débi pé sálúbàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ yín lójú ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀. Dókítà ní kí ẹ lọ ya MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ọmọ yín tó wà lókè òkun fẹ́ fi owó ránṣẹ́, àmọ́ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní X-ray ti tó, ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ yẹn máa ń jó èèyàn nínú. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti ṣe é rí sọ òótọ́ fún yín. Mo ti ṣe é rí. X-ray mẹ́ta, CT scan kan, MRI kan, láàárín ọdún mẹ́rin.

Aránṣọ ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. Ọdún 2017 ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí a gba aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tó pọ̀. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, àfi kí n di tábìlì mú kí n tó lè nàró. Gbogbo èèyàn ní jẹ́díjẹ́dí ni. Mo mu àgbo jẹ́díjẹ́dí fún oṣù méjì. Inú mi ṣí dáadáa, ẹ̀yìn kò gbọ́.

Ìgbà tí mo ya X-ray àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé "lumbar spondylosis". Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ìrora náà lọ. Ẹni tó fún mi ní ìwé kò kúkú ṣàlàyé, ó kàn ní, "Ẹ̀yìn yín ti ń jẹ ni, ẹ máa ṣe pẹ̀lẹ́." Mo lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn, mò ń dì í láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. N kò pọn omi mọ́, n kò gbé ọmọ mi mọ́, bí mo bá lọ òde, orí ìjókòó ni mo ti ń wo àwọn tó ń jó. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń gbé ara mi bí ẹni gbé ẹyin, bí mo sì ṣe ń gbé e tó ni ẹ̀yìn ń le sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà náà pé spondylosis kò ju pé oríkèé ẹ̀yìn ti ń gbó bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ní in, ẹni tó ń jó dòru náà ní in.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti X-ray ná, torí ìyẹn kò gùn. Eegun ni X-ray ń rí. Bí eegun bá ṣẹ́, bí ó bá yẹ̀ kúrò lórí ìkejì rẹ̀, yóò fi hàn. Àmọ́ nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí èkejì bíi tìmùtìmù, tí wọ́n ń pè ní disc, X-ray kò rí i. Àwọn iṣan tó ti inú ẹ̀yìn jáde lọ sí ẹsẹ̀, tí a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ tutù tàbí ó gbóná, X-ray kò rí wọn. Ẹsẹ̀ tó ń kú, tí sálúbàtà ń bọ́ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣan nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé X-ray tó fún ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lè dáhùn ohun tó ń ṣe yín.

CT scan, X-ray ni òun náà, àmọ́ ó máa ń yí èèyàn po, tí yóò sì gé àwòrán náà lẹ́lẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì. Kì í pẹ́ rárá. Ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ ju ti X-ray lásán lọ dáadáa, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe ní àṣetúnṣe láìnídìí. Ó wúlò fún ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn tí kò sì lè wọ MRI. Tèmi tí mo ṣe, owó tó sọnù ni mo kà á sí. Ilé ìwòsàn aládàáni tó kọ ọ́ fún mi, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi níbẹ̀ kí wọ́n tó mú bírò.

MRI kò ní ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ló ń lò. Kò jó mi, ara mi kàn móoru díẹ̀ bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri tí oòrùn ti pa. Ohun tó lè dá wàhálà sílẹ̀ ni irin tó bá wà lára èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa bi yín ní ìbéèrè tó kún ojú ìwé kan. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n fi sínú ilé ọmọ, ẹ sọ ọ́. Eyín àtọwọ́dá, ẹ sọ ọ́. Ọkùnrin tó ṣáájú mi lọ́jọ́ náà, alájórin ni. Wọ́n bi í bóyá irin ti ta sí i lójú rí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dá a padà pé kó lọ ya X-ray ojú ná, torí òòfà yẹn lè fa èérún irin nínú ẹyinjú kó sì ba ojú jẹ́. Inú bí i. Èmi tí mo jókòó níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé àwọn tó ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn.

Èmi, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni. Mo ti gbàgbé pé wọ́n fi wáyà tín-ín-rín so ó lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó dà wọ́n sínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú yẹtí àti òrùka mi, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún wẹrẹwẹrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbé wọn jáde. Ìyá mi ló fi wọ́n sí mi ní ìdí.

Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n fi nǹkan dí mi létí, wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé bí ọkàn mi kò bá gbà á mọ́, kí n fún un, àwọn á fà mí jáde. Ẹ di bọ́ọ̀lù yẹn mú, ẹ̀gbọ́n mi. N kò fún un, àmọ́ mímọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi ló jẹ́ kí n lè dúró. Òrùlé rẹ̀ súnmọ́ imú mi tó bẹ́ẹ̀ tí èémí mi ń padà bọ̀ sí mi lójú. Ẹ di ojú kí wọ́n tó tì yín wọlé, kí ẹ má sì là á. Ariwo rẹ̀ pọ̀: á máa dún kò-kò-kò-kò bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ páànù, á dákẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bíi máṣíìnì mi nígbà tí òwú bá há sí i lábẹ́. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ mira. Kí n má baà ronú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé bùbá lọ́kàn. Mo ṣẹ́ aṣọ po, mo wọn èjìká, mo gé ọrùn, mo gé apá, mo gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́. Àárín bùbá kejì ni mo wà tí wọ́n fi mú iná lọ. Gbogbo nǹkan dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ihò yẹn ṣókùnkùn biribiri, mò ń gbọ́ ọkàn ara mi. Obìnrin kan pariwo láti ìta pé, "Mummy, ẹ má mira, a fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀." Wọ́n tún apá kan rẹ̀ yà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí wákàtí kan; níbi tí iná kò bá ti lọ, kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ.

Wọn kò gún mi lábẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kún un fún oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn láti mú àwòrán hàn, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lò ó bí wọ́n bá ń wá kókó tàbí ọyún, tàbí fún ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún rí. Bí kíndìnrín yín kò bá dá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fún yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù rèé. Ọdún 2021 ni, ₦85,000 ni mo san, owó àjọ mi ló lọ sí i. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fún mi ní ìwé, mo dúró ní ibùdókọ̀, mo kà á. Disc L4/L5 ti wú jáde, disc L5/S1 ti wú jáde (àwọn disc méjì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá nìyẹn), méjèèjì ti gbẹ. Mo sunkún níbẹ̀, lójú àwọn agbèrò. Mo gbé e lọ fún dókítà tó ní kí n lọ ya MRI náà, ó wo ìwé, kò wo èmi, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, ó sì dá iye.

Ọkọ mi ló ní ká lọ fi han ẹlòmíràn. Ilé ìwòsàn ìjọba ni, a dé lágogo mẹ́fà àárọ̀, ọ̀sán pọ́n kó tó kàn wá. Bàbá dókítà yẹn gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí n fi gìgísẹ̀ rìn padà. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè ní nínà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó fi òòlù kékeré gbá mi lórúnkún. Ó fi ẹnu pín-ìn tọ́ mi lẹ́sẹ̀ káàkiri, ó ń bi mí pé, "Ṣé ó ta yín bíi ti ẹ̀gbẹ́ kejì?" Ìgbà tó ṣe tán ló tó ṣí àwòrán. Ó ní, "Ìyá, ohun tó wà nínú fọ́tò yìí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ yín lágbára, iṣan yín ń ṣiṣẹ́. N kò rí ẹni tí mo fẹ́ là ní ẹ̀yìn."

Ó wá sọ fún mi pé ní 1994, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ya MRI fún èèyàn 98 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Ìdá 52 nínú 100 wọn ló ní disc tó wú, ó kéré tán níbì kan. Ìdá 36 péré ni gbogbo disc wọn dára. Lẹ́yìn náà mo fúnra mi ka èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2015, tí wọ́n kó ìwádìí 33 pọ̀ lórí èèyàn tó lé ní 3,000 tí ara wọn dá ṣáṣá: nínú àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú 100 ni disc wọn ti ń gbó, nínú àwọn ẹni 80 ọdún, ìdá 96. Ká ní wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kún ìwé X-ray mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ǹ bá má ti fi ọdún kan àtààbọ̀ di bẹ́líìtì. Ó dùn mí títí dòní.

Fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìdárayá ṣe, ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n ní kí n bọ́ bẹ́líìtì. A gbé tábìlì máṣíìnì ga sí i, mò ń dìde rìn yípo ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìdajì wákàtí. Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó mọ̀ pé ó ń lọ. Ẹ̀yìn ṣì máa ń sọ̀rọ̀ lásìkò iṣẹ́ ọdún, àmọ́ mò ń pọn omi, mo sì ń jó.

Àmọ́ tiyín yàtọ̀ sí tèmi, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe é. Ọmọ àdúgbò wa kan wà, ọmọ ọdún 19. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ibà ń ṣe é lálẹ́, ó ń rù. Jẹ́díjẹ́dí náà ni wọ́n pe tiẹ̀, títí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gọngọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́. MRI ló fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lo oògùn fún ọdún kan gbáko, ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì ń rìn lónìí. Bí wọ́n bá ti tètè ya àwòrán yẹn ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá má tẹ̀.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ tó ń kú fún oṣù mẹ́rin, tó tún ń rọ, mo rò pé dókítà yín nídìí. Ẹ bi í ohun kan ṣáá kí ọmọ yín tó fi owó ránṣẹ́: "Bí àwòrán bá jáde báyìí, kí lẹ máa ṣe? Bó bá jáde lọ́nà kejì ńkọ́?" Bí kò bá ní èsì, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò yín. Àmọ́ bí ìtọ̀ bá há, tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tí ibi tí ẹ fi ń jókòó bá kú, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá ń lọ, ìró àti bùbá ni kí ẹ wọ̀, kọ́mú tí kò ní irin, ẹ má dé wíígì onípín-ìn. Ẹ lo oògùn ìrora tí dókítà fún yín bíi wákàtí kan ṣáájú, torí ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ yẹn ló nira jù fún ẹ̀yìn tó ń dunni, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún yín. Ẹ gba àwòrán náà sínú CD, kì í ṣe ìwé nìkan, kí dókítà kejì má baà ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má ka ìwé náà ní ẹ̀yin nìkan ní ibùdókọ̀. Tí ó bá jáde, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ síbí fún mi, a ó jọ kà á kí ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà tó pé.