Ilẹ̀ ti ṣá, NPK ò ràn án mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko bàbá mi lọ́nà Òsú ni mo ń dá, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo náà la ń gbìn síbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Ní báyìí ẹ̀gẹ́ ò ta mọ́, mo da ajílẹ̀ oníkẹ́míkà NPK sí i, ewé ń tutù yọ̀yọ̀ àmọ́ ìsàlẹ̀ ò sí nǹkan kan. Ọdọọdún la sì ń sun ún kójò tó dé. Ṣé kí n kúkú fi í sílẹ̀ ni? Àgbẹ̀ ọ̀dọ́, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ jàre, iná yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Àwọn bàbá wa náà sunko lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń fún ilẹ̀ lọ́dún púpọ̀ kí igbó tún bò ó, ẹ̀yin ò ráyè ìyẹn. Eérú ló ń tan èèyàn jẹ, pọ́táàṣì, oúnjẹ irúgbìn kan, wà nínú ẹ̀, àgbàdo ọdún yẹn á dúdú minimini, a ó ní iná ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, inú koríko ti bá èéfín lọ, òjò á sì gbá èyí tó kù sódò.

Ti ewé tó ń tutù láìta yẹn, náítírójìn ti lè pọ̀ jù fún un, pọ́táàṣì ni ẹ̀gẹ́ ń jẹ gan-an.

Ṣẹ́ ẹ mọ jogbo, olódòdó yẹ́lò tó kún etí títì Ifẹ̀ sí Iléṣà? Mexico lọ́hùn-ún ló ti wá, ọ̀fẹ́ ni, náítírójìn àti pọ́táàṣì sì pọ̀ nínú ewé ẹ̀. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, ewé àti ọ̀mùnú ẹ̀ nìkan o, torí igi ẹ̀ tó bá ti gbó á ta gbòǹgbò, ẹ ó wá máa bá a jà lóko. Ẹ ṣá a wẹ́wẹ́, ẹ bò ó mọ́ inú ebè ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbìn, kíá ló ń jẹrà.

Pòròpórò àgbàdo, ẹ jẹ́ kó sùn sílẹ̀ níbẹ̀ kó bo ilẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbin ẹ̀wà sáàárín. Tó bá ti ń tanná, ẹ rọra hú ìdí kan, ẹ ó rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò, ẹ la ọ̀kan, tínú ẹ̀ bá pọ́n, ó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọlẹ̀ fún yín nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kórè tán, ẹ gé e nílẹ̀, ẹ má hú u.

Ìgbẹ́ adìyẹ náà dáa, àmọ́ ẹ kó o jọ kó jẹrà dáadáa ná, tútù ẹ̀ ń jó irúgbìn ni. Ẹ fi ìdajì oko bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.