Bí Àwọn Ọmọ Ṣe Lè Jọ Ya Àwòrán Kan Láìjẹ́ Kí Ẹnì Kan Gbà Á Ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, jọ ya ayẹyẹ Ojúde Ọba lọ́nà tí Keith Haring ará Amẹ́ríkà ń gbà yàwòrán. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, àwọn méjì tí ọwọ́ wọn yá gba bébà náà, àwọn yòókù sì ń wòran. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹni tí ẹ yàn bá iṣẹ́ yìí mu. Haring, tí wọ́n bí ní 1958, tí ó sì kú ní 1990, gbajúmọ̀ láti ara àwòrán tí ó ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun yà sórí bébà dúdú tí wọ́n fi ń bo àyè ìpolówó tí ó ṣófo ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York, kíákíá, kí ọlọ́pàá má baà ká a mọ́ ibẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í sábà ní ojú tàbí imú. Ìlà tí ó nípọn ni ó yí ara wọn ká, àwọn ìlà kéékèèké tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ó sì ń fi hàn pé wọ́n ń jó tàbí wọ́n ń fò. Ọmọ tí kò mọ ojú yà kò ní tijú.

Ní 1989, nǹkan bí 500 akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bá a ya àwòrán kan ní Chicago, tí gígùn rẹ̀ ju 100 mítà lọ. Òun fa ìlà dúdú, àwọn ọmọ sì kun àwọ̀ sí i. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti pín iṣẹ́ báyẹn, nítorí ọmọ tí ó kàn ń kun inú ìlà àgbàlagbà kò tíì bá ẹnikẹ́ni yàwòrán. Ìlà gan-an ni kí wọ́n jọ fà.

Ẹ mú gígùn yẹn lò, ṣá. Bébà tí ìbú àti òró rẹ̀ bá dọ́gba máa ń ní àárín, ẹni tí ó bá sì gba àárín ti di olórí. Ẹ lẹ bébà pọ̀ kí ó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó má fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé lọ. Àpò sìmẹ́ńtì oníbébà wúlò, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ìpele tí kò kan sìmẹ́ńtì ni kí ẹ lò. Àgbàlagbà ni kí ó gbọ̀n ọ́n níta, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ ń ta ojú, ó sì ń jẹ ara.

Kí ọmọ mẹ́wàá mú ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bébà náà, kí àwọn yòókù máa fi ṣọ́ọ̀kì dánra wò lára pátákó títí yóò fi kàn wọ́n. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́, kí olúkúlùkù sún sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ó máa bá ohun tí ó bá níbẹ̀ lọ. Ọmọ kan ya ẹṣin, ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ gbé ẹlẹ́ṣin lé e, ẹnì kẹta na agboòrùn sórí ẹlẹ́ṣin, ẹnì kẹrin sì fa ìlà kéékèèké yí pátákò ká kí á lè mọ̀ pé ẹṣin ń fò. Òfin méjì péré ni ó wà: a kì í pa ìlà ẹlòmíràn rẹ́, gbogbo àwòrán sì gbọ́dọ̀ fara kan òmíràn, ìbáà jẹ́ pé ìrù ẹṣin kan gèlè obìnrin inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Ẹni tí ó ya ẹṣin lè ráhùn; ẹ jẹ́ kí ó ráhùn.

Ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi tọ ìlà náà, nítorí ṣọ́ọ̀kì máa ń dí ẹnu máákà. Tí ó bá gbẹ, ẹ má ṣe pín àyè fún wọn láti kùn, àwọ̀ ni kí ẹ pín. Ẹni tí ó mú pupa yóò rìn yí gbogbo àwòrán ká pẹ̀lú pupa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó mú àwọ̀ ewé, àwọ̀ kan náà kò sì gbọdọ̀ pàdé ara rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn dúnàádúrà.

Orúkọ gbogbo wọn ni kí ẹ kọ sí etí rẹ̀, bí ó ṣe tò nínú rẹ́jísítà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn ẹni tí ó yà á dára jù, inú ilé ni kí ẹ sì gbé e kọ́ sí, nítorí bébà sìmẹ́ńtì kò lè gba òjò.