Ìbéèrè Yín: Ta ló kó àwọn àwòrán Yúróòpù jọ sí National Gallery ní London?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo wọ National Gallery ní Trafalgar Square, wọn ò gbowó ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ àwọn ará Ítálì ló kún ibẹ̀. Ṣé ogun ni wọ́n fi kó wọn, bí wọ́n ṣe kó ti Benin? Òǹkàwé yín, Peckham.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun o. Rárá, owó ni wọ́n fi rà wọ́n, àwọn míì sì jẹ́ ọrẹ. Àwòrán ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé ọba títí dòní, torí náà ìjọba ò ní nǹkan kan nílẹ̀. Ìgbà tí Austria wá san gbèsè ogun tó jẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́nikẹ́ni ò retí mọ́, ni wọ́n bá mú £57,000 lọ́dún 1824, wọ́n fi ra àwòrán 38 tí John Julius Angerstein, oníṣòwò kan ní London, fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ilé ẹ̀ ní Pall Mall náà ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ ẹ̀ sí, ó di 1838 kí wọ́n tó kó lọ Trafalgar Square. Sir George Beaumont, tóun náà ń kó àwòrán jọ, fi tiẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ.

Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ wá NG1, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fún ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, Jésù ń jí Lásárù dìde, àwọn obìnrin fi aṣọ bo imú torí òórùn òkú. Sebastiano del Piombo ló yà á, fún kàtídírà Narbonne ní Faransé, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Orléans, ìbátan ọba Faransé, rògbòdìyàn Faransé ló jẹ́ kí wọ́n tà á, Angerstein rà á ní London ní 1798. Ẹ ò rí i pé ó ti rìn jìnnà!

Charles Eastlake di ọ̀gá àgbà gálárì náà ní 1855, ọdọọdún ló ń lọ Ítálì lọ rajà, òun ló ra iṣẹ́ Uccello àti Piero della Francesca, àwọn ayàwòrán Ítálì ayé àtijọ́, Pisa níbẹ̀ náà ló kú sí ní 1865. Ní 1923 Samuel Courtauld, oníṣòwò aṣọ kan, fún wọn ní £50,000, owó yẹn ni wọ́n fi ra àwòrán òdòdó Sunflowers tí Van Gogh yà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ká mi lára. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ojú omi ni Angerstein fi là, àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú àtàwọn tó ń kó irè oko ẹrú wà níbẹ̀, ó sì tún wà lára àwọn alábòójútó oko tí ẹrú ti ń ṣiṣẹ́ ní Grenada. Gálárì fúnra wọn ti gbé e jáde, ẹ wá orúkọ ẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù wọn kẹ́ ẹ kà á.