Ta Ló Yí Table Yìí Padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méjì la ń bójú tó dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Ọjà Ọba, l'Ọ̀ṣogbo. MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, la ń lò. Ẹnìkejì mi ti fi column oniduro kún table awin lórí server, n kò mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi tèmi kún un, àṣìṣe 1060 ló gbé jáde, pé column náà ti wà. Báwo la ó ṣe máa mọ ohun tó yí padà àti ẹni tó yí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrójú. Kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ tẹ ALTER TABLE (àṣẹ tó ń yí table padà) sórí server mọ́. Ẹ fi mysqldump --no-data gba àwòrán dátábéèsì náà bó ṣe wà lónìí (ìtò table àti column nìkan, láìsí àkọsílẹ̀ inú wọn), kí ẹ pè é ní 001_ipilese.sql. Oniduro ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ yọ ALTER tiyín kúrò. Láti ìsinsìnyí lọ, àyípadà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀ (002_fi_ojo_ipari_kun.sql, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), nínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì) kan náà tí kóòdù yín wà. Git á sọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ ṣe table kékeré kan, schema_migrations, tí yóò máa tọ́jú nọ́ńbà fáìlì tó ti ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó ṣiṣẹ́. Lórí server, ẹ kọ 001 sínú rẹ̀ láìjẹ́ kó ṣiṣẹ́, torí ohun tó wà nínú fáìlì náà ti wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Flyway lè bá yín ṣe irú iṣẹ́ yìí. Fáìlì tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá ní àṣìṣe, fáìlì tuntun ni kí ẹ fi tún un ṣe.

MySQL ní ìṣòro kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Bó bá ti ṣe ALTER kan tán, ó ti fi òǹtẹ̀ lù ú. ROLLBACK, àṣẹ tó ń fagi lé iṣẹ́, kò lè dá a padà. Bí ALTER mẹ́ta bá wà nínú fáìlì kan, tí ẹ̀kẹta kùnà, méjì àkọ́kọ́ ti wọlé. Bí ẹ bá tún mú fáìlì náà ṣiṣẹ́, tó sì jẹ́ pé column ni méjì yẹn fi kún un, 1060 ni ẹ ó tún rí. ALTER kan, fáìlì kan.

Ẹ tún yẹ oniduro yẹn wò. Bó bá jẹ́ NOT NULL (kò gbọ̀dọ̀ wà láìní iye) láìní DEFAULT (iye tí a yàn sílẹ̀ fún un), MySQL ti fi òfìfo síwájú gbogbo ẹni tó yáwó tẹ́lẹ̀, láìwí nǹkan kan. Ẹ ò ní mọ ẹni tí kò ní oníduró yàtọ̀ sí ẹni tí a kò tíì kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gba NULL (àmì pé a kò tíì kọ nǹkan kan) títí ẹ ó fi kọ orúkọ wọn tán.

Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tún gba àwòrán náà pẹ̀lú --skip-comments, kí ẹ fi diff, àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ fáìlì méjì hàn, wé ti dátábéèsì òfìfo tí ẹ fi àwọn fáìlì yín kọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà AUTO_INCREMENT (nọ́ńbà tí MySQL fẹ́ fún àkọsílẹ̀ tó kàn), torí ojoojúmọ́ nìyẹn ń yí. Bí ìyàtọ̀ mìíràn bá yọ, ẹnìkan ti gba ẹ̀yìn wọlé nìyẹn. Ẹ gba àṣẹ ALTER kúrò lọ́wọ́ àkáǹtì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́.