Ẹ ṣí abala 131 kí ẹ tó sanwó ìwé òfin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní Àkúrẹ́ lẹ ń gbé, ẹ kì í ṣe lọ́yà, ẹ fẹ́ máa ka ìwé òfin Nàìjíríà, ìyẹn Constitution 1999, fúnra yín nílé lálẹ́, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kọ́kọ́ lọ ra ìwé gbàǹgbà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń gbé kiri. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Òfin fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní, odindi, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó ti bá a. Ẹni tó bá fi àlàyé ṣáájú òfin, àlàyé ẹlòmíì ni yóò mọ̀, kò ní mọ òfin.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìwé tí ẹ bá rí lórí àtẹ ní Ọjà Ọba tàbí ní Arákalẹ̀ lè máa dán, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti gbó. Òfin 1999 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 May 1999. Wọ́n tún un ṣe láàárín 2010 sí 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2018, wọ́n sì fọwọ́ sí àtúnṣe 16 ní March 2023. Òǹtẹ̀wé lè kọ "as amended" gàdàgbà síwájú ìwé láìsọ àtúnṣe wo ló ń wí. Nítorí náà, ẹ dúró níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ ṣí ibi mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí abala 190, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa gómìnà tó ń lọ fún ìsinmi tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí ọjọ́ 21 níbẹ̀, àtúnṣe 2010 wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí 131(b), lórí ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ di ààrẹ: bí ó bá jẹ́ ọdún 40, ti àtijọ́ ni, bí ó bá jẹ́ 35, àtúnṣe 2018 ti dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Second Schedule, ìyẹn àfikún kejì lẹ́yìn ìwé, ẹ wo Exclusive List (àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí), nọ́ńbà 55. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin bá ṣì jókòó síbẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò tíì gbọ́ nípa 2023, torí wọ́n ti gbé e lọ sínú Concurrent List, àkójọ ohun tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ń ṣòfin lé lórí, kí àwọn ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin lé e lórí.

Bí ó bá kùnà nínú ẹ̀kẹta nìkan, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ẹ rà á. PLAC, àjọ kan tó wà l'Ábújá, máa ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn àtúnṣe yìí sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ wá fi báírò pupa fa ilà gba orí ọ̀rọ̀ àtijọ́, ẹ kọ tuntun sókè rẹ̀, ẹ kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré fagi lé ohun tí àtúnṣe kò kàn. Àtúnṣe 2018 kò dé ọ̀dọ̀ gómìnà àti sẹ́nétọ̀. 35 ni tiwọn látilẹ̀, 35 náà ló ṣì jẹ́. Àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábújá àtàwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láti 30 sí 25.

Ẹ ní PDF sórí fóònù pẹ̀lú, fún wíwá ọ̀rọ̀ kíákíá. Ẹ kàn rí i pé kì í ṣe fọ́tò ìwé lásán: ẹ tẹ "School Certificate" síbi ìwárí, bí kò bá gbé nǹkan kan jáde, àwòrán lẹ gbà sórí fóònù yẹn, kò wúlò. Bí ẹ bá sì bá ti Nàìjíríà pàdé lórí ìkànnì Constitute tí wọ́n kọ "rev. 2011" sí i, àtúnṣe 2018 àti 2023 kò sí nínú rẹ̀. Fóònù nìkan kò tó ṣá o. Abala kan máa ń rán yín lọ sí òmíràn, òmíràn yóò tún rán yín lọ sẹ́yìn ìwé, ìka mẹ́ta nínú bébà ló sì ń yanjú ìyẹn.

Ẹ má tẹ̀ lé ètò ojú ìwé. Abala 320 ló wà nínú rẹ̀, orí 8, Schedule 7. Bí ẹ bá ń ka abala mẹ́rin lálẹ́, alẹ́ 80 ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala 1, kí ẹ fò lọ sí 318 níbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń jà nípa sátífíkéètì olóṣèlú kì í dé ibẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé lábẹ́ òfin yìí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrírí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá àtàwọn nǹkan míì lè dọ́gba pẹ̀lú School Certificate, bí INEC bá gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ka Orí 4, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, láti 33 dé 46, kí ẹ sì ka 45 lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ló ń sọ ìgbà tí ìjọba lè dín 37 sí 41 kù.

Orí 5 àti 6 ló gùn jù, àmọ́ ìbejì pọ̀ nínú wọn. 143 jẹ́ yíyọ ààrẹ, 188 jẹ́ yíyọ gómìnà. 144 bá 189 mu, 145 bá 190, 146 bá 191. Ẹ kà wọ́n pọ̀, kí ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nìkan, iṣẹ́ yóò dín kù gan-an. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílé wa níbí. Ní December 2023, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó kọ lẹ́tà ìsinmi àìsàn, igbákejì rẹ̀ Lucky Aiyedatiwa sì di adelé: 190 nìyẹn. Nígbà tí gómìnà papòdà ní 27 December, tí wọ́n búra fún igbákejì lọ́jọ́ náà, a ti kúrò ní 190, a ti bọ́ sí 191, níbi tí igbákejì ti ń di gómìnà gan-an.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. "Subject to": abala tí wọ́n dárúkọ lẹ́yìn rẹ̀ ló lágbára ju èyí tí ẹ ń kà. "Notwithstanding": èyí tí ẹ ń kà ló borí. "Provided that": ẹ má tíì yọ̀, wọ́n fẹ́ yọ nǹkan kan sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín.

Ìwé pẹlẹbẹ oníbéèrè-àti-ìdáhùn àti ohùn orí WhatsApp, ẹ jìnnà sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ọlọ́pàá lè ti ènìyàn mọ́lé fún wákàtí 48 níbikíbi. Abala 35(5) sọ pé ọjọ́ kan ni níbi tí kóòtù tó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40. Níbòmíì, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí kóòtù bá rí pé ó tọ́ kó lé sí i. Ní Àkúrẹ́ tí kóòtù wà nígboro, ọjọ́ kan nìyẹn, àyàfi ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, tí 35(7) yọ sọ́tọ̀. Fíìmù Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀: "Fifth Amendment" kò sí nínú òfin wa. Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, 35(2) ni.

Ìgbà tí ẹ bá ti ka Orí 4 tán ni kí ẹ tó ra ìwé àlàyé. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wò bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ ló dárúkọ abala àti ẹjọ́ tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdájọ́ fúnra rẹ̀, ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí NigeriaLII. Ẹ fi ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba àpapọ̀ ti 2002 bẹ̀rẹ̀, lórí òfin tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka 6(6)(c), tó ní kóòtù kò lè fi Orí 2 (àwọn ìlànà tó yẹ kí ìjọba máa tẹ̀ lé) dájọ́, ẹ ka 15(5) lórí ìwà ìbàjẹ́, àti nọ́ńbà 60(a) nínú Exclusive List, lórí dídá àjọ tí yóò mú kí wọ́n tẹ̀ lé Orí 2 sílẹ̀. Ìgbà náà ni yóò yé yín bí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe gbà pé aṣòfin Abújá lè fún Orí 2 ní eyín. Tí ẹ bá ń ka ìdájọ́ nínú ìwé ìròyìn ẹjọ́ (law report), ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ àkópọ̀ olóòtú. Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ adájọ́.

Ní ti LCDA (Local Council Development Area), àwọn agbègbè ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ ń dá sílẹ̀, tí ẹ tún béèrè bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n lábẹ́ òfin, First Schedule ni kí ẹ ṣí. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà lábẹ́ Oǹdó, láti Àkókó dé Ìlàjẹ. Ẹ kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, LCDA kankan kò sí láàárín wọn, kí ẹ sì wá ka abala 8 láti mọ ohun tó kù kí orúkọ kan tó lè wọ ibẹ̀.